Bọ́tà fún Àwo Abẹ́ Ilẹ̀

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ilé tí o ń gbé, mo kí iṣẹ́ tí o ń ṣe, mo sì kí àtẹ̀gùn tí o ń gùn lọ sókè lójoojúmọ́, kí ó má rẹ̀ ọ́. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé o ń jẹun, àbí omi gbígbóná ni o ṣì ń mu tí o ń pè é ní oúnjẹ àárọ̀? Ọlọ́run tó dá ọ sí nínú ikùn mi nígbà tí mo ń ru àpò ìyẹ̀fun kiri, tí n kò tíì mọ̀ pé o wà níbẹ̀, kò ní fi ọ́ sílẹ̀ ní ìgboro. Kò sí ẹni tó kú nílé. Mo fi èyí síwájú kí o tó ka ìyókù, nítorí bàbá rẹ, tí wọ́n dúró sẹ́yìn mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, ní kí n má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ògiri ti wó, kí àyà rẹ má baà já. Nítorí náà, n kò tíì sọ pé ògiri wó.

Bí o bá ti ń pe fóònù mi tí kò wọlé, má bínú, má sì rò pé owó ló tán nínú rẹ̀. Inú garawa ìyẹ̀fun ni mo tì í mọ́, mo gbé òkúta lé ìdérí. Ó ṣẹ̀ mí ni. Bí o bá ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀, wàá rí i pé ìyà tó tọ́ sí i ni mo fi jẹ ẹ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, mo ń fa búrẹ́dì jáde nínú ààrò, ni àwọn páànù tó wà lórí pẹpẹ bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́. Mo ní ta ló ń pàtẹ́wọ́ fún mi? Omi inú garawa ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Kí n tó sọ pé kí ló dé, ó ti parí. Bàbá rẹ, tí wọ́n ń sùn lórí àga wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, la ojú kan, wọ́n ní ọkọ̀ akẹ́rù ló kọjá. Mo ní ọkọ̀ akẹ́rù wo, ní àdúgbò tí wọ́n ti gbẹ́ títì rẹ̀ tí wọn ò sì tíì dí i? Wọ́n ní ó kọjá lójú àlá àwọn. Wọ́n padà sùn.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìjọba rán ọmọbìnrin kan sí wa, tó mọ̀ nípa ilẹ̀ bí èmi ti mọ̀ nípa búrẹ́dì. Bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi tó bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ pé bàtà ló máa ń kọ́kọ́ dé ibi tó ń lọ, òun á wá tẹ̀ lé e. Bàtà-Ńlá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ó sì ń dáhùn. Ó gbé ẹ̀rọ kan wá, bí ìkòkò kékeré, ó ní òun ń wá ibi tí ilẹ̀ ti le, tí ariwo kò sì pọ̀, tí òun máa gbé e sí kí ó máa gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mì. Yàrá ìkẹ́rù wa ló yàn. Mo ní kò burú. Àfi bó ṣe padà wá tí ó ń bi wá pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílé yìí, pé ẹ̀rọ òun ń sọ pé ilẹ̀ ń kùn ṣáá, láti ìgbà tí oòrùn bá ti wà ní àtàrí títí di ìrọ̀lẹ́. Mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo mú un lọ síbi tí bàbá rẹ ti ń hanrun. Ó dúró, ó gbọ́, ó sì lọ gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sí ilé ẹ̀kọ́. Bàbá rẹ ní kí n pa gbólóhùn yìí rẹ́. N kò pa á rẹ́.

Ó wá pe gbogbo wa jọ síwájú ilé ẹ̀kọ́ náà láti là wá lóye. Ó ní ilẹ̀ tí à ń rìn lórí rẹ̀ kì í ṣe odidi kan. Ó ní àwo ńláńlá ni, tó wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn yí ayé ká, àti pé òkúta gbígbóná tó ń rọra ṣàn ló wà nísàlẹ̀ wọn tó ń gbé wọn rìn. Ọmọ mi, láti ìgbà tí mo ti ń fọ àwo, n kò mọ̀ pé orí àwo ni mo dúró sí fọ̀ ọ́. Mo nawọ́, mo bi í pé ta ló jẹun nínú wọn tí kò kó wọn síbi tó yẹ. Ó ní kò sẹ́ni tó jẹun nínú wọn o, Màmá, àfiwé lásán ni. Mo ní ó dáa, àmọ́ ó yẹ kí èèyàn béèrè.

Ó ní ibi tí etí àwo kan bá ti kan ti èkejì ni wàhálà wà. Àwọn kan ń ti ara wọn, òmíràn ń wọ abẹ́ èkejì bí ìgbà tí mo bá to àwo léra, òmíràn sì ń fara ha ara wọn kọjá. Wọ́n á há mọ́ ara wọn, ọdún á gorí ọdún tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò ní yẹ̀, agbára á máa kóra jọ síbẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá wá já gbà lójijì, ìyẹn ni ìmìtìtì ilẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó lè sọ ọjọ́ náà. Ó ní ìrìn wọn lọ́ra gan-an, pé bí èékánná wa ṣe ń hù náà ni wọ́n ṣe ń rìn.

Ibẹ̀ ló ti bà á jẹ́ o. Onígbàjámọ̀ wa, ẹni tó gé etí ẹ̀gbọ́n rẹ nígbà kan tó ní etí ló rìn wá bá abẹ òun, dìde láàárín èrò, ó ní ṣé ẹ ti gbọ́ ọ báyìí, èékánná ló ń wa ilẹ̀ bí awakọ̀ ti ń wa ọkọ̀. Ó ní ẹni tó bá ti gé tirẹ̀ ti ṣe ipa tirẹ̀. Kí ọjọ́ náà tó rọ̀, ìlà ti gùn láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn, àwọn tí kò gé èékánná láti ìgbà ìgbéyàwó wọn ń na ọwọ́ fún un. Bàtà-Ńlá sáré dé, ó ń ṣàlàyé títí ohùn rẹ̀ fi há. Onígbàjámọ̀ ní kó jọ̀ọ́ kó tò sórí ìlà, pé tirẹ̀ náà ti gùn. Èmi ò bá wọn tò. Ilé ni mo ti gé tèmi. Ìwọ náà gé tìrẹ, kò ṣeni ní nǹkan.

Ṣùgbọ́n mo ronú tèmi gẹ́gẹ́ bí oníbúrẹ́dì. Bí búrẹ́dì bá lẹ̀ mọ́ páànù, tí èèyàn bá fi ipá fà á, á ya. Kí ni à ń ṣe kí ó má baà lẹ̀? Bọ́tà ni à ń fi ra páànù. Ohun tó ń dààmú àwo abẹ́ ilẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ, etí wọn ló gbẹ. Mo gbé agolo bọ́tà kan tí n kò tíì ṣí, mo gbé e fún Bàtà-Ńlá, mo ní tó bá dé etí àwo, kó bá mi fi ra á yípo, bí kò bá sì tó, kó ránṣẹ́. Ó wo agolo, ó wò mí, omi lé ròrò sí i lójú. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò tíì sí ẹni tó ran àwọn lọ́wọ́ tó báyìí. Ọwọ́ méjèèjì ló fi gbà á. Ìyàwó tísà ní òun rí i níbi tó ti ń fi í ra búrẹ́dì jẹ ní ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n n kò gbà á gbọ́. Ìlara ni.

Lẹ́yìn náà ló kọ́ wa ní ohun tí à á ṣe bí ilẹ̀ bá tún mì. Ó ní ilẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sábà pa èèyàn, ohun tí èèyàn kọ́ sórí rẹ̀ ló ń pa á, nítorí náà ká má ṣe sáré lọ sábẹ́ ògiri. Kí oníkálukú kúnlẹ̀, kó wọ abẹ́ tábìlì tó lágbára, kó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, kó fi ọwọ́ bo orí. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ fẹ́ràn rẹ̀ ju ìwé lọ. Bàbá rẹ ní ti àwọn kọ́. Wọ́n ní àgbàlagbà bíi tàwọn kò ní máa rákòrò wọ abẹ́ tábìlì nínú ilé tí àwọn fi òógùn kọ́, bí ológbò tó jí ẹran. Mo ní ẹ má wulẹ̀ wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n mo wo òpó èéfín ààrò wa, tó ti là láti ìsàlẹ̀ dókè ní ọjọ́ tí páànù pàtẹ́wọ́, mo wo àga wọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ gan-an, oorun ò kùn mí mọ́. Mo ní kí wọ́n sún àga. Wọ́n ní ibẹ̀ ló móoru.

Tábìlì tó lágbára kan ṣoṣo tó wà nílé wa ni èyí tí à ń po ìyẹ̀fun lórí rẹ̀, o sì mọ ẹni tó kàn án. Bàbá rẹ kékeré káfíńtà ni, kí òun àti bàbá rẹ tó jà nítorí omi òjò tó ń ṣàn láti orí òrùlé wa sórí pákó rẹ̀, tí bàbá rẹ fi mọ ògiri sáàárín àgbàlá méjèèjì. Láti ìgbà náà, ọmọ ìyá méjì, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bí wọ́n bá ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, ewúrẹ́ bàbá rẹ kékeré ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Bàbá rẹ á dúró síhìn-ín, wọ́n á ní ìwọ ewúrẹ́ yìí, bá mi sọ fún ẹni tó ni ọ́ pé òòlù rẹ̀ ò jẹ́ kí n sùn. Ti ọ̀hún á ní ìwọ ewúrẹ́, sọ fún ẹni tí kò ni ọ́ pé ẹni tó ń sùn lọ́sàn-án kò yẹ kó máa dá ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lẹ́jọ́. Ewúrẹ́ á máa jẹ koríko rẹ̀. Ó ti gbọ́ èébú tí ewúrẹ́ kankan ò gbọ́ rí.

Ẹsẹ̀ tábìlì náà kan wá ń mì. Mo yọ́ lọ bá bàbá rẹ kékeré, mo ní ọkọ mi, tábìlì tí o kàn ń mì, ojú ń tì mí nítorí rẹ. Mo mọ̀ pé ìyẹn á dùn ún dé egungun. Ó ní, ìyàwó wa, tábìlì tí òun kàn kì í mì, àfi bí ẹni tó ń lò ó bá jẹ́ aláìmoore. Mo ní wá wò ó nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ bá ń sùn. Ó ní òun ò wá nítorí ẹ̀gbọ́n òun o, nítorí tábìlì ni. Mo ní mo gbọ́.

Bó ṣe wọlé nìyẹn. Ó fi àkísà wé òòlù kó má baà dún, ó sùn kalẹ̀ sábẹ́ tábìlì, ó ń kan ìṣó. Èmi bọ́ síta, mo lọ dúró nídìí ẹ̀rọ omi, kí n lè búra pé n kò sí níbẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé, ẹnu àwọn méjèèjì ni mo ti gbọ́ ọ, ohun tí wọ́n sọ kò jọra, àmọ́ mo ti pò ó pọ̀. Bàbá rẹ ní àwọn gbọ́ kò-kò-kò lójú oorun, àwọn lajú, àwọn rí ẹsẹ̀ méjì tó yọ síta lábẹ́ tábìlì. Wọ́n ní olè ni, olè tó wá jí tábìlì. Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n mú igi gígùn tí à ń fi ti búrẹ́dì wọ ààrò, wọ́n ń yọ́ bọ̀ láti fún ẹsẹ̀ yẹn ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Fóònù mi wà lórí tábìlì. Wọn ò tíì gbé igi sókè tán tí fóònù fi ké. Kì í ṣe bó ṣe máa ń dún tí o bá pè mí o. Ó ké bí ẹni tí ejò bù jẹ, mo gbọ́ ọ dé ìdí ẹ̀rọ omi. Kí n tó sọ pé kí ló ṣe é, ilẹ̀ ti gbé mi ṣánlẹ̀.

Ọmọ mi, èyí kì í ṣe ti páànù mọ́. Ìró kan ń bọ̀ láti ìsàlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń yí àgbá lábẹ́ ilẹ̀. Mo di ẹ̀rọ omi mú, ẹ̀rọ omi náà ń wá ohun tó máa dì mú. Mo rí ògiri àárín àgbàlá, ó ṣe bí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ó gbọ̀n, ó sì dùbúlẹ̀. Mo rí òpó èéfín wa, ó tẹrí ba bí ẹni tó fẹ́ kí àgbà, ó sì gba òrùlé wọ inú ilé lọ. Eruku sọ. Mo ń pe bàbá rẹ. Ohun tó ń lọ lọ́kàn mi ni pé èmi ni mo pe ọ̀kan wọ ilé yẹn, èmi ni mo fi ọ̀kan sílẹ̀ lórí àga, ọmọ ìyá méjì ni mo fi ọwọ́ ara mi kó sábẹ́ bíríkì. N kò ní purọ́ fún ọ, n kò rántí àdúrà kankan. Mo kàn jókòó sínú ẹrẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ dákẹ́, ohùn èèyàn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láti inú eruku. Bàbá rẹ kékeré ni, ó ń sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé orúnkún yín kúrò lórí irùngbọ̀n òun. Bàbá rẹ ní irùngbọ̀n ta ni, pé láti ìgbà wo ni olè ti ń ṣàròyé irùngbọ̀n nínú ilé onílé. Ti ọ̀hún ní ẹ̀gbọ́n, èmi ni. Bàbá rẹ ní ìwọ ta ni. Ó ní èmi tí ẹ máa ń gbé kọ́rùn lọ sí odò.  Ó wá di pé àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, lábẹ́ tábìlì, láìsí ewúrẹ́ láàárín.

Àṣé nígbà tí ilẹ̀ mì, bàbá rẹ kékeré ló na ọwọ́ fa bàbá rẹ lẹ́sẹ̀ wọ abẹ́ tábìlì láìmọ ẹni tí òun ń fà, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo orí wọn, bíríkì kan sì bà á ní ẹ̀yìn ọwọ́. Àga tí mo ní kí wọ́n sún, a ò rí èyí tó tó igi ìtayín nínú rẹ̀. Tábìlì ò mì.

Àpò ìyẹ̀fun ti bẹ́ sí wọn lára. Bí wọ́n ti rá jáde síta, tí wọ́n funfun láti orí dé ẹsẹ̀, tí wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, ìyàwó tísà rí wọn, ó ké pé àwọn òkú ti ń jáde, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Onígbàjámọ̀ náà sá, ó fi ẹni tó ń fá orí fún sílẹ̀, ẹni yẹn sì ń gbé ìdajì orí kiri títí di òní, nítorí kò jẹ́ kó fọwọ́ kan òun mọ́. Èmi ò sá. Mo mọ ìrìn bàbá rẹ níbikíbi. Mo dì mọ́ wọn, mo bú sẹ́kún, àwọn náà ń sunkún, omijé ń po ìyẹ̀fun lójú wọn, díẹ̀ ló kù ká gbé e sínú páànù. Ní àdúgbò wa, kò sí ẹni tó bá a lọ. Ìka ẹsẹ̀ télọ̀ ló ṣẹ́, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ló já lù ú. Òrùlé ilé ẹ̀kọ́ jìn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ti wà lábẹ́ tábìlì wọn kó tó jìn, gbogbo wọn ló jáde wá, wọ́n ń béèrè bóyá ọ̀la náà máa jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Fóònù ni mo wá dojú kọ. Ó ké, ilẹ̀ mì. Bí kò bá ké, ṣé ilẹ̀ á mì? Mo sọ ọ́ sínú garawa. Bàtà-Ńlá wá bẹ̀bẹ̀ fún un, ó ní akéde ni, pé nígbà tí ilẹ̀ bá já gbà lọ́nà jíjìn, ìgbì kékeré tó yára ló ń kọ́kọ́ dé, ẹ̀rọ àwọn á gbọ́ ọ, àwọn á sì ránṣẹ́ sí fóònù kí ìgbì ńlá tó ń bọ̀ lẹ́yìn tó dé. Mo ní akéde wo nìyẹn, tó jẹ́ pé bó ti ń kéde ni ọba ti ń tẹ̀ ẹ́ ní gìgísẹ̀?  Ẹ̀wọ̀n fóònù náà kò tíì pé.

Ọjọ́ yẹn náà ni Bàtà-Ńlá tẹ́ máàpù kan sórí tábìlì. Ó ní ibi tó jìnnà sí etí àwo ni wọ́n kùn ní funfun, tiwa jẹ́ pupa rúsúrúsú nítorí ibi kan tó ti là láti ayébáyé ní abẹ́ òkè wa. Ó ní ẹ̀gbẹ́ òkè lè ya lulẹ̀, ilẹ̀ rírọ̀ etí odò a máa gbọ̀n bí búrẹ́dì tí kò jinná, etí òkun sì ní ti ẹ̀, nítorí òkun fúnra rẹ̀ lè dìde wá kí wọn. Mo ní ibo ni ọmọ mi wà? Ó fi ìka kàn án. Ó pupa bí ata. Mo ní ta ló kùn ún? Ó ní àwọn ni. Mo ní ẹni tó kùn ún ló lè pa á rẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi fi àwọ̀ funfun kùn ún, bí kò bá ṣeé ṣe fún gbogbo ìlú, kó ṣe òpópónà tí o ń gbé nìkan, a ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ kékeré ti ń wá ọ̀dà nínú àpò irinṣẹ́ rẹ̀. Bàtà-Ńlá rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò rẹ́rìn-ín pẹ́. Ó ní Màmá, inú pupa yẹn ni ìyá òun náà ń gbé. Ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní àwọ̀ kọ́ ló ń wó lé èèyàn, ilé ni.

Nítorí náà, ṣé irin wà nínú òpó ilé tí o ń gbé? Bi onílé. Bó bá bínú, sọ pé ìyá rẹ ló béèrè. Kí ló wà lókè ibùsùn rẹ? Bó bá jẹ́ dígí, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lónìí. Fi bàtà àti tọ́ọ̀ṣì sí ibi tí ọwọ́ rẹ á tó, má sì fi omi pamọ́ síbi tí wàá gbàgbé.

Bá wa fi owó ránṣẹ́ o. Bíríkì ògiri tó wó ni bàbá rẹ àti àbúrò wọn fi tún ààrò mọ, ṣùgbọ́n Bàtà-Ńlá ní ká má fi bíríkì ṣe òpó èéfín mọ́, páànù irin tó fúyẹ́ ni, páànù irin kì í sì í hù lóko. Má fi owó náà sí báńkì, nítorí ògiri báńkì wa là, mo fi ojú ara mi rí i, owó lè gba ibẹ̀ jábọ́. Fún bàbá rẹ àti bàbá rẹ kékeré, àwọn ló ń bọ̀ wá bá ọ. Bàbá rẹ fẹ́ kí o wálé kíá. Mo ní rárá, bí gbogbo èèyàn bá sá kúrò ní etí àwo, ta ni yóò kù níbẹ̀ tí á máa ṣiṣẹ́? Àdéhùn tí a wá ṣe ni pé àwọn méjèèjì á bá ọkọ̀ pákó wá, kí wọ́n wá kan kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ rẹ mọ́ ògiri. Ibùsùn kan ni kí o tẹ́, wọn ò ní sùn, ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa sọ mọ́jú.

Ilẹ̀ tí o ń tẹ̀ á gbà ọ́. Òrùlé tó wà lókè orí rẹ á mọ ipò rẹ̀. Ohun tó ń mi ayé á mì kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ, kò ní yà. Ọwọ́ tó máa fà ọ́ sẹ́yìn lọ́jọ́ ewu á wà nítòsí, ìbáà jẹ́ ọwọ́ ẹni tí o kò retí.

Ibi tí mo fẹ́ dá a dúró sí nìyí, nítorí ọkọ̀ pákó ti dé. Bàbá rẹ ní àwọn làgbà, àwọn ló máa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Bàbá rẹ kékeré ní òun ló ń ru òòlù, òun ló ni fèrèsé. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, awakọ̀ ń fọn fèrè, gbogbo òpópónà ti jáde. Wọ́n ń jà, ọmọ mi, ojúkojú ni wọ́n ń bá ara wọn jà. Jẹ́ kí n sáré jáde kí n lọ wò wọ́n.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.